Amọ̀ Ògiri Ìdáná Ìyá

Ẹni tí kò tíì lóyún rí ló máa ń sọ pé erùpẹ̀ kò ṣeé jẹ. Ẹ jẹ́ kí oyún kọ́kọ́ jókòó sí i nínú ná, kí òjò rọ̀ sórí ilẹ̀ tó ti gbẹ, kí òórùn rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, ká wá gbọ́ ohun tí yóò wí. Láti ìgbà tí Josiane ti dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Dassa, itọ́ kì í gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Bó jókòó, ẹnu rẹ̀ ń tọrọ. Bó dùbúlẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń tọrọ. Ohun tó sì ń tọrọ kì í ṣe ẹran, kì í ṣe ọsàn, kì í ṣe ohun tí èèyàn lè gun alùpùpù lọ rà wá. Amọ̀ ara ògiri ilé ìdáná ìyá rẹ̀ ni.

Ilé ìdáná náà ò kúkú jìnnà. Ẹ̀yìn ilé ló wà, ó fẹ̀yìn ti àpáta ńlá tó ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀ wá. Bí Josiane bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo páànù rẹ̀ tó ti dípẹtà, ó ń wo ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì ń wo àgádágodo tó wà lára ilẹ̀kùn náà. Inú àpò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Lambert ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Aklampa ni ilé ọkọ rẹ̀. Narcisse ọkọ rẹ̀ ń gbin iṣu, ó ní oko kajú díẹ̀, kò sì sí èébú kan tí a lè bú ọkùnrin náà. Oyún ti ń wálẹ̀ lára Josiane léraléra, débi pé àwọn ará ilé ọkọ ò bi í ní nǹkan kan mọ́. Wọ́n kàn máa ń wo ikùn rẹ̀, wọ́n á sì gbójú kúrò. Nígbà tí èyí wá dúró, tó dúró dáadáa, Narcisse ní kó lọ máa gbé ní Dassa lọ́dọ̀ Lambert, nítorí ilé ìwòsàn ò jìnnà síbẹ̀. "Iṣu ò ní sá lọ," ló wí. "Ìwọ lọ jókòó ti ọmọ wa."

Ìyẹn ni Josiane ṣe wà níbẹ̀. Blandine, ìyàwó Lambert, ti lọ wẹ ọmọ tuntun fún ọmọbìnrin wọn ní Cotonou, nítorí náà tẹ̀gbọ́n-tàbúrò nìkan ló ku ilé. Ilé náà sì dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá ni ìyá wọn kú. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni oyún tó ṣáájú èyí wálẹ̀ lára Josiane, orí ẹní ló wà ní Aklampa nígbà tí wọ́n wá túfọ̀ fún un, ẹ̀jẹ̀ ò sì jẹ́ kó lè dìde. Wọ́n sin ìyá rẹ̀ láìsí i níbẹ̀. Kò rí ojú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án, kò bu erùpẹ̀ lé e. Nígbà tó fi lè rìn dé ibojì, iyanrìn orí rẹ̀ ti gbẹ, ewéko ti ń hù níbẹ̀.

Ẹnu rẹ̀ ló ń rántí fún un. Nígbà tó wà ní kékeré, tí ìyá rẹ̀ lóyún, ìṣù amọ̀ kan máa ń wà lórí àjà lókè àdògán. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, Ìyá á nawọ́ sókè, á gé díẹ̀, á sọ ọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Á tún gé èyí tó kéré ju èékánná lọ fún Josiane. "Má jẹ́ kí Fofo rẹ rí i o," ni yóò wí. Fofo ni wọ́n ń pe Lambert, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Amọ̀ náà á dún kẹ́rẹ́ lábẹ́ eyín, á sì yọ́ mọ́ ahọ́n, àwọn méjèèjì á jókòó síwájú iná bí olè méjì.

Kò ní pẹ́ tí ẹ fi máa gbọ́ Lambert lẹ́nu ọ̀nà. Lambert kì í kí èèyàn kó tó béèrè oúnjẹ. Láti ẹnu géètì ni yóò ti ké: "Ìyá, kí lẹ sè?" Ìyá kì í dárúkọ oúnjẹ fún un láé, ì báà ṣe ọbẹ̀ àná ló gbé kaná. "Wá wò ó," ni yóò wí. Lambert di ọkùnrin, ó di gbẹ́nàgbẹ́nà, ó gbéyàwó, ó hu ewú, kò yéé béèrè, Ìyá náà ò sì yéé dáhùn bẹ́ẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín, ńṣe ni Lambert máa ń wọ ilé ara rẹ̀ bí ẹni tó pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti ilé ìdáná pa. Nígbà tó yá, ó sọ fún Ràṣídì, oníṣòwò àgbàdo tí ilé ìkẹ́rù rẹ̀ lẹ́yìn ọjà ti kún, pé kó wá kó àpò rẹ̀ síbẹ̀. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni o. Ó jọ pé ohunkóhun tó bá ti lè dí ibẹ̀ ló tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àwọn eku inú ọjà ò sì gọ̀. Ibi tí àgbàdo bá kó lọ ni àwọn náà ń kó lọ, wọ́n bí ọmọ, wọ́n bí ọmọ-ọmọ, wọ́n sọ ìdí ògiri Ìyá di ìlú.

Àmínátù, ìyàwó Ràṣídì, rí bí Josiane ṣe ń tutọ́, ó sì ra kalaba wá fún un, amọ̀ funfun tí àwọn aboyún ń lá. Josiane dúpẹ́, ó lá a. Bí ẹfun tí tíṣà fi ń kọ̀wé ló rí lẹ́nu rẹ̀. Ó fi pamọ́ kí inú má baà bí Àmínátù.

Nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ti ń múra àtiwá kí Màríà ní ojúbọ rẹ̀ lábẹ́ àpáta, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rachelle wá sí Dassa pẹ̀lú àgò wáyà lóríṣiríṣi. Ọmọ Tré tí kò jìnnà síbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Cotonou ló ti kàwé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú eku inú ọjà, ti ìdí ẹ̀rọ ìlọta àti ti ilé ìkẹ́rù, kó yẹ inú wọn wò, kó mọ irú aràn tó ń gbé níbẹ̀ àti èyí tó lè ti ara wọn bọ́ sára èèyàn. Ràṣídì ló mú un wá sílé Lambert.

"Àwọn tibí yìí ò sá mọ́ bí mo bá wọlé," ni Ràṣídì wí. "Wọ́n á kàn wò mí lójú, bíi pé èmi ni mo wá jalè."

Lambert yọ kọ́kọ́rọ́, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì fà sẹ́yìn. Kò gbé ẹsẹ̀ kan sí inú ibẹ̀. Josiane ló gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Òórùn ìtọ̀ eku àti ìyẹ̀fun àgbàdo ló kọ́kọ́ gbá a lójú. Àpò ti bo àdògán mọ́lẹ̀. Àjà ti wó. Òjò tó rọ̀ lóru sì ti mú kí ara ògiri rin, òórùn amọ̀ tútù wá ń bẹ lábẹ́ gbogbo ìyókù, itọ́ sì kún ẹnu Josiane. Ní ìdí ògiri, lẹ́nu ihò kan, àwọn eku ti hú erùpẹ̀ jọ, ó kúnná bí ohun tí èèyàn fi ajọ̀ jọ̀. Ó rọrùn ju kéèyàn máa fi ọ̀bẹ ha ògiri lọ. Nígbà tí Rachelle bẹ̀rẹ̀ láti dẹ àgò, Josiane bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dì í sí ìṣẹ́tí aṣọ.

Ẹ bú u bí ẹ bá fẹ́. Èmi ò ní bú u. Ebi ìyá ló ń pa á.

Ó da erùpẹ̀ náà sínú àwo kan, ó fi sábẹ́ ibùsùn. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò jọ ti Ìyá tán. Ó ní bóyá ahọ́n ni yóò mọ̀ ọ́n. Ó pinnu pé òun á dúró di àárọ̀, kí Lambert ti lọ síbi iṣẹ́, nítorí Lambert ò ní gbà kí ẹni tí oyún ń wálẹ̀ lára rẹ̀ máa jẹ ilẹ̀.

Lambert lọ. Josiane gbé àwo jáde sẹ́yìnkùlé, ó jókòó sórí àpótí, ó fi ìka méjì bu díẹ̀. Ó ti gbé e dé àgbọ̀n nígbà tí géètì dún.

"Ẹ káàárọ̀ o, Dada Josiane," ni Rachelle wí; Dada ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin. "Mo wá wo àwọn àlejò mi."

Josiane fi aṣọ bo àwo, ó nu ọwọ́ sára ìró.

Lambert ti fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún Rachelle, eku sì ti kó sínú àwọn àgò náà. Rachelle gbé tábìlì kékeré kan sábẹ́ igi máńgòrò, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fi nǹkan bo imú, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Josiane fẹ́ kó tètè lọ. Bí kò sì ṣe tètè lọ, ó dìde láti wo ohun tó ń pẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn o, Dada. Ẹ má sún mọ́ ọn pẹ̀lú inú yín." Rachelle fi ẹ̀mú kékeré gbé nǹkan kan sókè nínú àwo dígí. "Ẹ̀dọ̀ eku nìyí. Ṣé ẹ rí ara rẹ̀?"

Ẹ̀dọ̀ náà pupa, àmọ́ àbàwọ́n funfun wà lára rẹ̀ káàkiri, bíi pé ẹ̀kọ gbígbóná ta sí i.

"Kí ló ṣe é?"

"Ẹyin aràn ni. Òmíràn nínú aràn eku, inú ìfun ló ń gbé, kòkòrò inú àgbàdo sì máa ń gbé e káàkiri. Èyí yàtọ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń gbé, ibẹ̀ náà ló ń yé sí, ẹyin rẹ̀ ò sì ráyè jáde níwọ̀n ìgbà tí eku bá ṣì wà láàyè. Ó dìgbà tí eku bá kú tó bá jẹrà, tàbí tí ológbò bá pa á jẹ tó sì yà á mọ́ ìgbẹ́ síta. Nígbà náà ló ń bọ́ sínú erùpẹ̀. Inú erùpẹ̀ ló ti ń gbó, á wá máa dúró de ẹni tó máa gbé e mì."

"Ta ló máa gbé erùpẹ̀ mì?" Ohùn Josiane ga ju bó ṣe fẹ́ lọ.

"Ọmọ tó ń rá, tó ń fi ọwọ́ sẹ́nu." Rachelle gbé ẹ̀mú sílẹ̀. "Àti aboyún. Èmi náà lá amọ̀ nígbà oyún ọmọ mi, Dada. Ìyá mi fi ẹgba lé mi." Ojú rẹ̀ ti bọ́ sára ìka Josiane, níbi tí erùpẹ̀ pupa ṣì wà.

Josiane ló lọ gbé àwo náà wá fúnra rẹ̀.

"Ẹ ò tíì fi kan ẹnu?"

"Mi ò tíì fi kan ẹnu."

"Ẹ fi Ọlọ́run búra fún mi."

"Mo fi ọmọ inú mi búra."

Rachelle fi ẹ̀mú tú erùpẹ̀ náà. Kò tú u jìnnà tó fi yọ egungun tín-ín-tín kan jáde, ó tún yọ òmíràn, lẹ́yìn náà eyín, eyín iwájú eku, ó gùn, ó tẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ bí ọsàn pípọ́n. Eku kan ti kú sínú ihò yẹn, ó ti jẹrà síbẹ̀. Josiane sáré lọ síbi omi, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ó tún un fọ̀, ó fọ abẹ́ èékánná, ó fọ àgbọ̀n tí ìka rẹ̀ ti fẹ́ kàn.

"Kí ni ì bá ṣe mí?"

"Ó lè má ṣe yín ní nǹkan kan. Mi ò ní purọ́ láti dẹ́rù bà yín, kò wọ́pọ̀ lára èèyàn. Àmọ́ ẹni tó bá mú, ibà ni, ẹ̀dọ̀ wíwú ni, kì í sì í tètè hàn sí dókítà. Oyún tí ẹ̀ ń ṣọ́ bí ẹyin yìí, ṣé ẹ máa fi ta tẹ́tẹ́?"

Ìgbà yẹn ni Josiane jókòó sílẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: àjà, ìṣù amọ̀, ẹní Aklampa, ibojì tó ti gbẹ. "Kì í ṣe erùpẹ̀ ni mò ń wá," ló wí. "Mo mọ̀ pé kì í ṣe erùpẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni mo máa fi sẹ́nu?"

Rachelle bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Dada, amọ̀ tí ẹ ní ó wà lórí àjà yẹn, kí ló ń ṣe lókè iná?"

Nígbà tí Josiane wà lọ́mọdé, ọwọ́ tó ń lọ sókè ló rí, àti amọ̀ tó ń bọ̀ wálẹ̀. Kò bi ara rẹ̀ léèrè rí ìdí tí wọ́n fi gbé e síbẹ̀. "Dúdú ló máa ń dà," ló wí nígbẹ̀yìn. "Kó tó gé e, á ti dúdú."

"Kì í ṣe tútù ni ìyá yín ń jẹ ẹ́ nígbà náà. Iná ti kọ́kọ́ jẹ ẹ́."

"Ṣé iná lè pa ẹyin aràn yìí?"

"Bí amọ̀ bá pọ́n nínú iná bí ẹyín iná fúnra rẹ̀, kí ni yóò yè níbẹ̀? Ṣùgbọ́n mi ò ní kí ẹ jẹ ẹ́ o. Amọ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ aboyún pọ̀ tó. Ẹ bi agbẹ̀bí yín léèrè, òun náà á sọ bẹ́ẹ̀."

Rachelle dúró de Lambert nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ ohun tó rí fún un, kò dárúkọ àwo Josiane. Ó ní kí wọ́n kó àgbàdo kúrò, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbá ibẹ̀ ní gbígbẹ nítorí eruku. Lambert gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Mo máa wó o lọ́jọ́ Sátidé," ló wí.

Ó jọ pé ó ti ń wá ẹni tó máa fún un láyè àtisọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Rachelle ti lọ, Josiane dìde sí i.

"Ẹ tì í pa, Fofo. Ẹ kó àgbàdo oníṣòwò dí i, ẹ fi ilé Ìyá ta eku lọ́rẹ. Nísinsìnyí ẹ fẹ́ wó o. Èmi ò rí Ìyá sin! Ohun tó kù fún mi nínú rẹ̀ nìyẹn."

"Ìwọ ò rí i sin," ni Lambert wí. "Èmi rí i. Ọwọ́ mi ni mo fi kan pósí rẹ̀. Ṣé o rò pé ohun tí mo rí dára ju èyí tí o kò rí lọ?" Ó nu ojú rẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. "Mi ò lè wọ ibẹ̀, Josi. Mo gbìyànjú. Bí mo bá dé ẹnu ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ kan á wá sí mi lẹ́nu, kò sì sí ẹni tí mo fẹ́ bá sọ ọ́. Jẹ́ kó wó."

Josiane ò bá a jà mọ́. Ó ti rò pé òun nìkan ni ebi náà ń pa. Ohun kan péré ló tọrọ: kí ó bá òun yọ amọ̀ kan láti òkè ògiri, lókè àdògán, níbi tí èéfín ti kùn ún dúdú tí eku ò gbẹ́ dé. Lambert wo ikùn rẹ̀.

"O ò ní jẹ ẹ́?"

"Mi ò mọ̀, Fofo," ló wí, òtítọ́ ló sì sọ.

Ní Sátidé, Ràṣídì kó àpò rẹ̀ lọ. Lambert àti Rodolphe, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, da omi sílẹ̀ kí eruku má bàa gbéra, wọ́n fi aṣọ bo imú, wọ́n sì gbé òòlù sí ògiri. Kò gba àkókò púpọ̀. Amọ̀ tí bàbá wọn fi ẹsẹ̀ po fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ wó lulẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Àárín iṣẹ́ ni Lambert wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ìṣù amọ̀ kan sórí bẹ́ǹṣì, dúdú lẹ́yìn, pupa nínú. Ó padà, wọ́n kó àwókù sórí ọkọ̀, àwọn méjèèjì bá a lọ láti dà á nù.

Josiane to òkúta mẹ́ta, ó dáná. Ó fi amọ̀ náà sáàárín ẹyín iná, ó kó igi lé e, ó sì fà sẹ́yìn díẹ̀. Itọ́ ti kún ẹnu rẹ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bó bá tutù tán, èyí tó kéré ju èékánná lọ ni, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó tún ń sọ fún ara rẹ̀ pé rárá, ọmọ, ọmọ ni. Bó ṣe ń bá ara rẹ̀ jà nìyẹn nígbà tí amọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Òórùn ilẹ̀ lásán ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èéfín àtijọ́ tó ti wọ ara amọ̀ náà lọ bẹ̀rẹ̀ sí í tú: epo pupa tó ń yọ́, ata yíyan, ẹja gbígbẹ, igi ayín, iyán ọjọ́ ọdún, gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí obìnrin kan fi dúró síbẹ̀ tó ń sè fún àwọn ọmọ. Òórùn ìró Ìyá ni. Ohun tó máa ń wà lórí ahọ́n rẹ̀ láti kékeré nìyí. Kò fìgbà kan jẹ́ erùpẹ̀ tútù. Josiane bú sẹ́kún. Ó sun ẹkún tí kò rí sun lórí ẹní Aklampa, ó sun ún sókè, ó pe ìyá rẹ̀ lórúkọ, ó sì di ikùn rẹ̀ mú bó ṣe ń sun ún. Nígbà tó yá, ó rí i pé ẹnu òun ti gbẹ. Kò tọrọ nǹkan kan mọ́.

Géètì ṣí. Ẹsẹ̀ Lambert ni. Afẹ́fẹ́ sì ti gbé òórùn náà kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá, kí lẹ sè?"

Ó ké e jáde tọkàntọkàn, bí ẹni tí ebi ń pa tó ti ibi iṣẹ́ dé. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohun tí òun wí. Ó dúró síbẹ̀, ọwọ́ kan lára géètì, eruku ògiri lórí ewú rẹ̀, kò lè wọlé, kò lè jáde.

Josiane wo iná. Kò sí ẹlòmíràn tó máa dá a lóhùn.

"Wá wò ó," ló wí.

Ó wá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta mẹ́ta náà, ó fi ọwọ́ eléruku bojú, ó sì sunkún. Àbúrò rẹ̀ bu erùpẹ̀ ilẹ̀ díẹ̀, ó dà á sórí amọ̀ tó ń pọ́n nínú iná, Lambert náà bu tirẹ̀. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe jọ sin ìyá wọn.